Iná kú, ewu ò tíì lọ: bí Ọsirélíà ṣe ń du ẹ̀mí àwọn ẹranko ìbílẹ̀ rẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, hẹlikópítà kan fò wọ àfonífojì Capertee ní ìpínlẹ̀ New South Wales, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú. Koríko ti jó tán, ewé ti jó tán, àwọn igi tó ṣì wà lóòró ti di èédú láti ìdí dé ṣóńṣó. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da kárọ́ọ̀tì àti ànàmọ́ sórí àpáta. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ti àfonífojì yìí, ti Wolgan tó múlé gbè é, àti ti àwọn igbó ọba mìíràn, oúnjẹ tí wọ́n dà sílẹ̀ ti lé ní 2,000 kìlò.

Wọ́lábì àpáta ni wọ́n ń gbé oúnjẹ náà fún. Ìbátan kangarúù ni, ṣùgbọ́n ó kéré sí i, orí òkúta gàgàrà ló sì ń gbé. Nígbà tí iná dé, púpọ̀ nínú wọn kò kú: wọ́n sá wọ pàlàpálá àpáta, iná sì gba orí wọn kọjá. Ìgbà tí wọ́n jáde ni wọ́n rí i pé kò sóhun tí ẹnu ń jẹ mọ́. Omi náà ti gbẹ, nítorí ọ̀dá ti wà nílẹ̀ kí iná tó dé. Ohun tí Matt Kean, mínísítà ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn nìyẹn: ẹranko yìí máa ń yè bọ́ lọ́wọ́ iná, ìyà àìrí oúnjẹ ló ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn náà.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìgbàlà ẹranko lẹ́yìn iná igbó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wo iná lórí tẹlifíṣọ̀n a máa rò pé ọjọ́ tí iná bá kú ni wàhálà tán. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ pé ikú méjì ló wà: ikú iná fúnra rẹ̀, àti ikú kejì tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí kì í pariwo, tó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Ikú kejì yìí ni ọwọ́ èèyàn lè ká.

Iná tí àwọn ará Ọsirélíà sọ ní Ẹ̀ẹ̀rùn Dúdú bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì kejì ọdún 2019, kò sì rọlẹ̀ tán títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2020. Ọdún 2019 yẹn ni ọdún tó gbóná jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ irú rẹ̀, òun náà sì ni òjò rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù lọ. Igbó àti pápá tó jó ju mílíọ̀nù 17 hẹ́kítà lọ. Bí a bá kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà pọ̀, tí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kò tíì tó o. Èèyàn 33 bá iná náà lọ, ilé tó lé ní 3,000 sì di eérú.

Àwọn àgbà ní bí oko bá jó, májàlà ni í sọ fún ará ilé. Èéfín iná Ọsirélíà ré òkun kọjá dé New Zealand, ó pa yìnyín orí òkè ibẹ̀ láró, ó sì tún fò dé Chile àti Argentina ní òdì kejì òkun ńlá Pàsífíìkì.

Ní oṣù keje ọdún 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àjọ WWF gbé iṣẹ́ fún, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Chris Dickman ti Yunifásítì Sydney wà lára wọn, ṣírò pé ẹranko tó sún mọ́ bílíọ̀nù mẹ́ta ni iná náà kàn. Mílíọ̀nù 143 nínú wọn jẹ́ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹyẹ jẹ́ mílíọ̀nù 180, ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré jẹ́ mílíọ̀nù 51. Àwọn afàyàfà bí alángbá àti ejò ló kó èyí tó pọ̀ jù, bílíọ̀nù 2.46. Ìṣirò náà kò sọ pé gbogbo wọn kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó jóná wà níbẹ̀, àwọn tí ibùgbé wọn jó, tí wọ́n wá di aláìnílé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí àwọn aláìnílé yẹn ni iṣẹ́ ìgbàlà wà fún.

Báwo ni ẹranko ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ iná tó jó igi gíga dé orí? Àwọn kan fò, àwọn kan sáré, àwọn kan wọlẹ̀. Lákòókò iná náà, ìtàn kan gbòde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́mbàtì, ẹranko alágbára kan tó ń gbẹ́ ihò gígùn sílẹ̀, ń da àwọn ẹranko mìíràn wọ ihò rẹ̀ kí iná má bàa jó wọn. Wọ́mbàtì kò da ẹnikẹ́ni. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé ihò rẹ̀ jinlẹ̀, ooru iná kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹranko kéékèèké sì máa ń sá wọ ibẹ̀. Òótọ́ yìí wúlò ju ìtàn náà lọ, nítorí ó fi hàn pé ẹni tó bá dáàbò bo wọ́mbàtì ti dáàbò bo àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ti antechinus tún yani lẹ́nu. Ẹranko yìí kéré bí eku ilé, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ọmọ wọn lára bí kangarúù. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì New England, tí Fritz Geiser ń ṣe aṣáájú wọn, tọpa rẹ̀ lẹ́yìn tí iná jó igbó tó ń gbé. Wọ́n rí i pé ó máa ń dín iná ara rẹ̀ kù: ara rẹ̀ á tutù, èémí rẹ̀ á dínkù, ọkàn rẹ̀ á máa lù díẹ̀díẹ̀, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kó tó jí. Nípa bẹ́ẹ̀, oúnjẹ díẹ̀ a tó o, kì í sì í jáde lọ́sàn-án tí ọ̀tá lè rí i lórí ilẹ̀ tí kò ní ewé. Wọ́n tún rí irú rẹ̀ lára echidna, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń jẹ ìkán.

Àwọn ẹranko ìbílẹ̀ Ọsirélíà ti bá iná gbé láti ayébáyé, nítorí náà ọgbọ́n iná kò jìnnà sí wọn. Ọgbọ́n ológbò ni wọn kò ní.

Àwọn ará Yúróòpù ló kó ológbò wọ Ọsirélíà ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ó sá wọgbó, ó bímọ, ó sì di ẹranko ìgbẹ́ tó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tẹ̀ lé e ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn, torí àwọn òyìnbó fẹ́ máa dọdẹ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Àwọn méjèèjì yìí ni ikú kejì gan-an. Ní àríwá Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ atọpasẹ̀ mọ́ ológbò ìgbẹ́ lọ́rùn, wọ́n sì rí i pé ó lè fi àgbègbè tirẹ̀ sílẹ̀, kó rin ìrìn tó lé ní kìlómítà 12 lọ síbi tí iná líle ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, kó lọ dọdẹ níbẹ̀, kó tó padà sílé. Ó mọ̀ pé àwọn tó kù níbẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n máa fara pa mọ́ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù ni Erékùṣù Kangaroo, ní etíkun ìpínlẹ̀ South Australia. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2019, àrá sán, ó sì dáná sí igbó erékùṣù náà. Kó tó di pé iná náà kú, ó ti jó nǹkan bí 211,000 hẹ́kítà, ìdajì erékùṣù náà ló kù díẹ̀ kó jó tán. Igbó ọba Flinders Chase tó wà ní ìwọ̀-oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹ́ kù.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn yẹn ni ẹranko kan ń gbé tí kò sí níbòmíràn láyé: dunnart ti Erékùṣù Kangaroo. Àwọ̀ eérú ló ní, imú rẹ̀ ṣóńṣó, ojú rẹ̀ dúdú, ojú náà sì tóbi. Kò wúwo tó gíráàmù 30. Òru ló ń jáde, aláǹtakùn àti kòkòrò ló sì ń jẹ. Kí iná tó dé rárá, àwọn onímọ̀ ti ń rò pé kò tó 500 mọ́. Iná náà jó ju ìdá 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ibi tó ń gbé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìdí igi ṣì ń rú èéfín, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ní Western River, ní àríwá erékùṣù náà, lọ gbé kámẹ́rà tó ń dá ya fọ́tò sí àwọn abala igbó kéékèèké tí iná fò. Fọ́tò dunnart jáde. Fọ́tò ológbò náà jáde níbì kan náà.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò ní ẹ̀wà kankan. Wọ́n fi wáyà kéékèèké àti aṣọ ìbòòrùn ṣe ihò gígùn sórí ilẹ̀, kí dunnart lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti igbó kan sí òmíràn tí àṣá àti ológbò kò ní lè gbé e. Wọ́n tún yára fi wáyà sọgbà yí ìwọ̀nba igbó tó ṣẹ́ kù ká. Lẹ́yìn náà ni àjọ Australian Wildlife Conservancy, pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ àti ẹgbẹ́ Kangaroo Island Land for Wildlife, sọ ọgbà náà di ńlá, títí ó fi gba 369 hẹ́kítà, tí wọ́n sì lé ológbò jáde nínú rẹ̀ pátápátá. Láàárín ọdún kan tí iná bẹ́ sílẹ̀ ni ọgbà yẹn ti dúró.

Ṣé wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ológbò di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ? Àwọn onímọ̀ la inú ológbò 86 tí wọ́n mú lórí erékùṣù náà lẹ́yìn iná. Nínú ikùn méje nínú wọn, wọ́n rí ìyókù dunnart mẹ́jọ. Fún ẹranko tí gbogbo rẹ̀ láyé kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, mẹ́jọ yẹn pọ̀. Àwọn ológbò tí ẹnikẹ́ni kò mú sì wà níta.

Ọ̀kan nínú ohun èlò tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí ni Felixer, àpótí onísóláà kan tí Dókítà John Read ṣe. Ó ní ojú ẹ̀rọ tó ń wọn gíga àti ìrìn ẹranko tó bá kọjá níwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wọ́lábì, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ológbò, á tu májèlé díẹ̀ sí i lára. Ológbò kì í fẹ́ ìdọ̀tí lára, á fi ahọ́n lá a, a sì kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ràn ológbò nílé kì í fẹ́ gbọ́ èyí, ó sì yé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ dunnart, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ológbò ìgbẹ́, ti yan ológbò náà.

Gbogbo ayé kò mọ dunnart. Koálà ni ayé mọ̀. Fídíò obìnrin kan tó bọ́ aṣọ rẹ̀ láti fi gbé koálà kan jáde nínú iná kárí ayé ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ilé ìwòsàn koálà ní Port Macquarie tọ́jú ẹranko náà, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, kò sì yè é. Owó tí ilé ìwòsàn náà ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju 25,000 dọ́là Ọsirélíà lọ; ohun tí àwọn èèyàn dá fún wọn sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ. Láti Yúróòpù dé Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń rán àpò aṣọ tí wọ́n máa fi gbé ọmọ kangarúù tó sọ ìyá nù, ó sì pọ̀ débi pé àwọn tó ń gbà á bẹ̀bẹ̀ pé ó tó.

Inú rere ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Koálà ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́: ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ó ti wà nínú ewu àparun ní Queensland, New South Wales àti agbègbè olú-ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníròyìn kì í sábà sọ. Ní Erékùṣù Kangaroo, níbi tí a ti rí àwòrán koálà oníbáńdéèjì púpọ̀ jù, koálà kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àwọn èèyàn ló kó díẹ̀ wá síbẹ̀ láti Victoria ní àwọn ọdún 1920, wọ́n sì bí títí wọ́n fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n ń jẹ ewé igi tán. Dunnart ni ọmọ onílẹ̀. Bí a bá pín owó ìgbàlà gẹ́gẹ́ bí ojú ẹranko ṣe wuyì sí, àwọn tí kò ní ibòmíràn láyé ni yóò gbẹ̀yìn.

Ìjọba Ọsirélíà gbìyànjú láti yẹra fún èyí. Nígbà tó ya nǹkan bí mílíọ̀nù 200 dọ́là sọ́tọ̀ fún ẹranko àti igbó ní ọdún 2020, ó kó àwọn onímọ̀ jọ pé kí wọ́n sọ irú ẹranko tí ọ̀rọ̀ wọn kò lè dúró. Orúkọ 119 ni wọ́n kọ sílẹ̀, ẹja odò àti ọ̀pọ̀lọ́ sì wà lára wọn, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ní rán aṣọ fún.

Ìrànlọ́wọ́ tí kò bá ní ìmọ̀ lè pa ẹni tí a fẹ́ gbà là. Àwọn dókítà ẹranko bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe fi ike omi sí koálà lẹ́nu, nítorí bí ó bá gbé orí sókè mu omi, omi lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ó sì pa á. Abọ́ ni kí wọ́n gbé sílẹ̀, kó tẹrí ba mu ún. Wọ́n ní kí wọ́n má ju búrẹ́dì sí kangarúù. Kódà kárọ́ọ̀tì tí a fi hẹlikópítà dà, fún ìgbà díẹ̀ ni, torí bí oúnjẹ bá ń pọ̀ lójú kan, ọ̀tá á mọ ibẹ̀.

Láti wá koálà tó farapa nínú eérú, àwọn olùgbàlà lo ajá kan tó ń jẹ́ Bear, ti Yunifásítì Sunshine Coast àti àjọ IFAW. Ajá tí kì í fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ ni, àwọn tó kọ́kọ́ ni ín kò sì lè fara da á. Ìwà yẹn gan-an ló wúlò níbí. Wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un kí ilẹ̀ gbígbóná má jó o lẹ́sẹ̀, ó ń gbóòórùn káàkiri títí á fi dé ìdí igi kan, á sì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbójú sókè, koálà ń bẹ lókè.

Nígbà mìíràn, kí iná tó dé ni ìgbàlà ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ẹgbẹ́ Science for Wildlife gun igi ní àwọn Òkè Búlúù, wọ́n gbé koálà 12 sọ̀kalẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko Taronga ní Sydney. Iná dé ibi tí wọ́n ti kó wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí òjò ti rọ̀, tí àwọn igi ti ń rúwé, wọ́n dá wọn padà sílé. Ní oṣù kejì, àwọn mìíràn ti fi hẹlikópítà gbé ẹyẹ bristlebird 15 jáde láti Cape Howe ní Victoria kí iná tó ká wọn mọ́. Ẹyẹ kékeré yìí kì í fẹ́ fò, ilẹ̀ ló ń rìn, iná kò sì ní ṣòro láti bá a. Àwọn kan nínú wọn kú ní ọgbà ẹranko Melbourne. Àwọn mìíràn padà sílé ní oṣù kẹrin.

Omi náà ní tirẹ̀. Ẹja kì í jóná, ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ní koríko, gbogbo eérú á ya wọ odò, afẹ́fẹ́ inú omi á tán, ẹja á sì kú lọ bẹẹrẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn odò New South Wales nìyẹn. Ní Mannus Creek, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sáré kó ẹja perch ti Macquarie mẹ́wàá jáde kí wọ́n má bàa run tán níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Califóníà: nígbà tí iná Palisades jó ní Los Angeles ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n kó ẹja steelhead 271 kúrò ní odò Topanga kí òjò tó da eérú lé wọn lórí.

Lórí àwọn òkè Kosciuszko tí yìnyín ń bò nígbà òtútù, oúnjẹ ni wọ́n se. Irú possum kékeré kan, ẹranko tó jọ eku, ń gbé níbẹ̀ láàárín òkúta, kò tó 2,000 mọ́ nínú igbó, ó sì máa ń sùn lábẹ́ yìnyín fún oṣù tó lè tó méje. Àfòpiná bogong tó ń fò wá láti ọ̀nà jíjìn ló ń fi sanra kó tó sùn. Ọ̀dá ti dín àfòpiná náà kù gidigidi, iná wá jó igi tí possum náà ń jẹ èso rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọgbà ẹranko Victoria ti ń se bisikíìtì kan tí èròjà rẹ̀ dà bí ti àfòpiná náà. Ní ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba gbé e gun òkè, wọ́n fi sínú àpótí oúnjẹ láàárín òkúta, wọ́n gbé omi tì í.

Ilé ló ṣòro jù láti dá padà. Greater glider, ẹranko onírun tó ń rá bàbà láti igi kan dé òmíràn lóru, kì í sùn àfi nínú ihò igi ńlá, igi eucalyptus kì í sì í ní irú ihò bẹ́ẹ̀ kó tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àpótí onípákó lásán kì í ṣe é, oòrùn máa ń mú un gbóná jù. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ṣe àpótí tó lè dènà ooru, wọ́n sì gbé e kọ́ sórí igi ní Tallaganda àti ní East Gippsland. Oyin aláwọ̀ ewé kan wà pẹ̀lú ní Erékùṣù Kangaroo, inú òkú igi banksia àti ọ̀pá òdòdó gbígbẹ ló ń gbẹ́ ilé sí. Banksia nílò bí ọgbọ̀n ọdún kí ìtì rẹ̀ tó sanra tó fún oyin náà. Lẹ́yìn iná kan tó jó ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ fi igi rírọ̀ ṣe ọ̀pá àtọwọ́dá fún un, ó sì gbà á, ó ń tọ́mọ níbẹ̀. Iná 2020 jó púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ náà kò ṣeé fò. Kí òyìnbó tó dé, àwọn Aborígínì ti ń fi iná wẹ́wẹ́ tọ́jú igbó: wọ́n á dáná sí ìwọ̀n díẹ̀ nígbà tí koríko ṣì tutù, iná á rìn pẹ̀lẹ́, ewé orí igi kò ní jó, ẹranko á sì ríbi sá sí. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn náà mọ ìyàtọ̀ iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sí ti ìgbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan. Ìjọba òyìnbó fòfin de iná wẹ́wẹ́ àwọn Aborígínì yẹn ní ibi púpọ̀ ní Ọsirélíà. Victor Steffensen, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ Firesticks sílẹ̀, kọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà ní Cape York, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn Ẹ̀ẹ̀rùn Dúdú, ọ̀pọ̀ tó ti kọ etí ikún sí irú wọn ló wá ń béèrè.

Ó kù díẹ̀ tí a kò tíì sọ nípa Erékùṣù Kangaroo, ó sì jẹ́ ohun tó ń fúnni nírètí. Ẹyẹ kokatúù dúdú kan wà níbẹ̀, ìbátan odídẹrẹ́, tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan mìíràn ju èso igi sheoak lọ. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé. Ní àárín àwọn ọdún 1990, kò tó 200 tó kù. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn rí i pé irú possum mìíràn ló ń gun igi lọ jẹ ẹyin àti ọmọ wọn. Wọ́n wá fi páànù dí ìtì igi tí wọ́n ń yé sí, kí possum má lè rí ibi fi èékánná mú. Ìtẹ́ tó ń mú ọmọ jáde kúrò ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 42. Iná jó ju ìdajì igi sheoak tí wọ́n ń jẹ lọ, àwọn èèyàn sì bẹ̀rù pé iṣẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n tún wọn kà lẹ́yìn iná náà, wọ́n lé ní 450.

Ní báyìí, wọ́n ń gbin sheoak sí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà kó tó so. Lápá ìlà-oòrùn erékùṣù náà, wọ́n ti fi ọgbà dí ọrùn ilẹ̀ tóóró tó lọ sí Dudley, wọ́n ń mú ológbò ìgbẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fẹ́ kó kúrò ní gbogbo erékùṣù náà nígbà tó bá fi máa di ọdún 2030. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ṣì ń lọ yẹ páànù ìdí igi wò, wọ́n ń gé ẹ̀ka tó bá ti kan ti igi kejì, torí ojú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ni possum máa ń gbà kọjá.